Mi ò rántí pé mo ṣe é rárá, ṣé èmi náà ni mo ṣe é?

Adúró_Wòye:
Ẹ kú ìjókòó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bi.

Mo ń tú àwọn páálí àtijọ́ mo wá bá ìwé kan pàdé tí mo máa ń kọ nǹkan sí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 11. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, ìwé náà ti pọ́n, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já. Lójú ewé kan mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo tẹ awò ojú Bàbá wa fọ́, mo kó àfọ́kù ẹ̀ sábẹ́ àga, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n wá nà sí i, èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mò ń gbọ́ igbe ẹ̀, mi ò jáde. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni "mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé."

Ibi tó ti wá dojú rú nìyí: mi ò rántí. Ẹ má rò pé mo rántí fẹ́ẹ́rẹ́ o, kò sí nínú orí mi rárá ni. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, mo wá ilẹ̀kùn yẹn, mo wá awò ojú yẹn, mo wá igbe yẹn, òfo ni. Ó dà bí ẹni pé mò ń ka ìwé ọmọ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Lẹ́tà "g" tí mò ń kọ títí di òní, tí ìrù ẹ̀ máa ń ká bí ìkọ́, òun náà ló kún ibẹ̀.

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, ẹ̀gbọ́n mi náà wà láàyè. Mi ò bèèrè bóyá ohun tí ọmọ yẹn ṣe burú, mo mọ̀ pé ó burú. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, ọmọ yẹn àti èmi yìí, ṣé ẹnì kan náà ni wá? Tí mo bá sì tọrọ àforíjì, ta ló ń tọrọ ẹ̀?

Rònú_Wò:
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yìí lágbára gan-an ni. Tó bá jẹ́ ti John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la máa tẹ̀ lé, ẹ lè lọ sùn fọnfọn. Ní 1694 ló fi orí kan kún ìwé ńlá ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gangan. Ó ní ẹran ara kọ́ ló ń mú kí èèyàn jẹ́ ẹni tó jẹ́, ọkàn tó fara pamọ́ sínú wa náà kọ́, pé ohun tó mú kí èmi òní jẹ́ èmi àná ni pé mo lè nawọ́ sẹ́yìn kí n mú ohun tí mo ṣe lánàá kí n sì mọ̀ ọ́n ní tèmi.

Ó fi àpẹẹrẹ kan sí i. Ẹ ní kí ọkàn ọmọ ọba wọ inú ara ẹni tó ń ṣe bàtà, tòun ti gbogbo ìrántí ìgbà tó fi jẹ́ ọmọ ọba. Nígbà tó bá jí, gbogbo ará àdúgbò á máa kí i ní oníbàtà, torí ojú yẹn ni wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ mọ ẹni tí òun jẹ́. Locke ní ohun tí ọmọ ọba ṣe nìkan lẹ lè bi í sí. Ó tún ní lọ́jọ́ ìdájọ́, kò sẹ́ni tí wọ́n máa ní kó wá jẹ́jọ́ ohun tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Locke ṣe rí i, ọmọ yẹn ló ṣe é, ẹ̀yin kọ́.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́ kí èyí kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa ni mò ń tọ́jú, tó bá jẹ́ pé ìrántí nìkan ni èèyàn, a jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì òfo ni mò ń kí káàárọ̀ lójoojúmọ́.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Henry Molaison, H.M. ni àwọn tó kọ́ nípa ọpọlọ mọ̀ ọ́n sí. Wárápá ló ń bá a jà, ní 1953 tó jẹ́ ẹni ọdún 27 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ díẹ̀ nínú ọpọlọ ẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú ní 2008 lẹ́ni ọdún 82, ohun tuntun ò dúró sí i lórí mọ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ jáde, ẹ padà wọlé, àlejò ni yín.

Dókítà Brenda Milner, tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ, wá fún un ní iṣẹ́ kan, pé kó máa fi pẹ́ńsù tọ ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ kan lórí ìwé, àmọ́ inú dígí nìkan ni kó ti máa wo ọwọ́ ẹ̀. Ẹ dán an wò nílé, ọwọ́ á kàn máa ṣáko ni. Lọ́jọ́ kìíní ó ṣìnà ṣìnà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti ń tọ̀ ọ́ geere, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ọwọ́ ẹ̀ mọ ohun tí òun ò mọ̀.

Ẹ wá wo "g" yín yẹn.

Tíṣà_Àgbà:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí pé ihò tó wà nínú ọ̀rọ̀ Locke ti pẹ́ kí wọ́n tó máa ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Thomas Reid, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, ló tọ́ka sí i ní 1785.

Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n nà nílé ìwé torí pé ó jí èso nínú ọgbà olọ́gbà. Nígbà tó dàgbà ó di ọ̀gá nínú ṣọ́jà, ó gba àsíá lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá lójú ogun, lọ́jọ́ yẹn ó ṣì rántí ẹgba tó jẹ. Nígbà tó di arúgbó wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gágun àgbà. Ọ̀gágun yìí rántí ọjọ́ àsíá dáadáa, àmọ́ ẹgba ti kúrò lórí ẹ̀ pátápátá. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ báyìí. Ọ̀gágun ni ẹni tó gba àsíá, ẹni tó gba àsíá ni ọmọ tó jẹgba, ṣùgbọ́n tí a bá tẹ̀ lé Locke ọ̀gágun kì í ṣe ọmọ yẹn. Báwo ló ṣe máa jẹ́ ẹnì kan náà kó má tún jẹ́ ẹnì kan náà?

Àbúrò Adúró_Wòye, ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé ẹ̀wọ̀n ni ká wò, ká má wo òrùka kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 12 tí o jẹ́ rántí awò ojú yẹn, mo lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ọmọ ọdún 20 rántí ọmọ ọdún 12. Ìwọ òní rántí ọmọ ọdún 20. Òrùka kò já níbì kankan, ìwọ lo kàn dúró sí òpin ẹ̀wọ̀n tí o ò rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́.

Òtítọ́_Korò:
Ẹni tí kò sí lẹ ń wá kiri.

Kí kálukú yín pa ojú dé báyìí fún ìṣẹ́jú kan kó wá "èmi" lọ sínú. Kí lẹ rí? Ara ń yún mi, mo gbọ́ ìró mọ́tò, inú ń bí mi díẹ̀ sí ohun tí ẹnì kan sọ láàárọ̀, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ta ni "èmi" nínú gbogbo ẹ̀? David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, ṣe é kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1739, ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá wọ inú ara òun lọ, ooru tàbí òtútù, ìfẹ́ tàbí ìkórìíra, ìrora tàbí adùn lòun máa ń kọsẹ̀ lára ẹ̀, òun ò pàdé ara òun rí láì sí ọ̀kan nínú wọn. Ìdì ni wá, wọ́n kàn so nǹkan pọ̀ wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Búdà ti ń sọ ọ́ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ọba kan wà tó ń jẹ́ Milinda, mọ́ńkì Nagasena bi í pé kí ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó gbé e wá, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, ṣé ọ̀pá àárín ni, ṣé àpótí òkè ni, ọba ní rárá sí gbogbo ẹ̀. Orúkọ lásán ni "kẹ̀kẹ́". Orúkọ lásán náà ni Nagasena.

Tí kò bá sẹ́nì kankan nílé, ta ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè_Kò_Tán:
Nígbà tí o pa ojú dé tí o wá a tí o ò rí i, ta ló ń wá a?

Mi ò fi ṣeré o, ọ̀rọ̀ Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, nìyẹn láti 1637, pé mo lè ṣiyèméjì nípa ohun gbogbo ṣùgbọ́n mi ò lè ṣiyèméjì pé mò ń ṣiyèméjì, mò ń ronú torí náà mo wà. Ṣáájú ẹ̀ gan-an, Ibn Sina, dókítà ilẹ̀ Páṣíà tó kú ní 1037, ní ká ro èèyàn kan tí wọ́n dá láàárín òfuurufú, ojú ẹ̀ bò, ọwọ́ ò kan ẹsẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, atẹ́gùn gan ò fẹ́ lù ú. Ó ní onítọ̀hún ò ní mọ̀ pé òun lápá tàbí pé òun lẹ́sẹ̀, àmọ́ á mọ̀ pé òun wà. Mo ti ka ìyẹn bí ìgbà mẹ́wàá, gbogbo ìgbà ni mo máa ń pa ojú dé láti dán an wò.

Àti pé Hume gan-an, nígbà tó di 1740 ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ẹ̀ pé òun tún ọ̀rọ̀ yìí gbé yẹ̀ wò òun sì rí i pé òun ti há, òun ò mọ bí òun ṣe máa tún un ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn ju gbogbo ohun tó kọ lọ.

Tíṣà_Àgbà:
Òtítọ́_Korò, ìtàn Milinda tí o mú wá yẹn, o ò kà á dé ibi tó kan àbúrò wa yìí. Ọba bi Nagasena ní irú ìbéèrè tó wà lókè yìí, pé tí ẹni òní kì í báá ṣe ẹni àná, ṣé kò ti bọ́ nínú ẹ̀bi àná nìyẹn? Nagasena ní, kí ọkùnrin kan jí máńgòrò ẹlòmíì ká, wọ́n mú un dé iwájú ọba, ó wá ní "èyí tí bàbá yìí gbìn kọ́ ni mo ká, èyí tó gbìn ti wà nílẹ̀, èyí tó wà lórí igi ni mo mú." Ṣé ẹ máa dá a sílẹ̀? Ọba ní rárá, torí pé láti ara èyí tó gbìn ni èyí tó ká ti jáde wá.

Ẹ rí i pé ẹni tó ní kò sí "èmi" náà ló ń sọ pé ẹ̀bi ṣì wà.

Òtítọ́_Korò:
Mo gbà, bàbá. Mo sáré jù. Ohun tí mo ṣì dì mú ni pé kò sí kóró kan nínú wa tí kì í yí padà. Ó dà bí iná àtùpà tó ń jó láti alẹ́ di àárọ̀ (inú ìtàn yẹn náà ló wà), iná ìdájí kì í ṣe iná ìrọ̀lẹ́, kì í sì í ṣe iná míì. Mo máa fa ọ̀rọ̀ "ta ló jẹ̀bi" padà, mi ò ní fa ìyókù padà.

Ọmọ_Láàbù:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara, torí gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀ lẹnì kan máa ń sọ pé gbogbo ara wa ń di tuntun lọ́dún méje méje. Irọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, awọ ara ń bó lójoojúmọ́, òótọ́ nìyẹn. Àmọ́ bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dán wò lójú òfuurufú, pàápàá títí di 1963, fi irú kábọ́ọ̀nù kan sínú afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, ó wọ inú ohun gbogbo tó ń hù títí dé ara wa. Láti nǹkan bí 2005 ni Jonas Frisén àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Sweden ti ń fi kábọ́ọ̀nù yẹn ṣírò ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀ tó wà ní èèpo ọpọlọ, láti ìgbà tí wọ́n ti bí èèyàn ni wọ́n ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì apá tó di pẹ́ńsù yẹn mú ti lọ tipẹ́. Àmọ́ púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó rán an níṣẹ́ ṣì wà lórí yín bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sọ pé ìyẹn yanjú ẹ̀ o. Sẹ́ẹ̀lì lè wà kí ohun tó wà láàárín wọn ti tú. Mo kàn fẹ́ ká fi irọ́ ọdún méje sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀_Ẹnu_Wa:
Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó wo ohun tí èdè tí a fi ń jà yìí ń sọ. Àwọn àgbà ní orí òde wà, orí inú náà wà, a jẹ́ pé ó pẹ́ tí ìran wa ti mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń rí nìkan kọ́ ni èèyàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "ara" gan-an ló máa ń gbà mí lọ́kàn. Mo wo ara mi, mo bi ara mi, mo tan ara mi jẹ, òun la fi ń sọ pé èèyàn yíjú padà sí òun fúnra ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ eléyìí: "wọ́n dárí ji ara wọn". Ṣé kálukú dárí ji òun fúnra ẹ̀ ni, àbí ẹnì kìíní dárí ji ẹnì kejì? Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Kí èmi kọjú sí èmi, kí èmi kọjú sí ìwọ, ẹnu ọ̀nà kan ló fún méjèèjì.

Ó rán mi létí John Mbiti, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Kẹ́ńyà, tó kọ ọ́ ní 1969 pé mo wà nítorí pé a wà, nígbà tí a sì ti wà, mo wà. Gbogbo ẹ̀yin tó ti sọ̀rọ̀ lókè yìí, ẹnì kan ṣoṣo lẹ tì mọ́lé tẹ́ ẹ ń wá "èmi" nínú ẹ̀, nínú ìrántí ẹ̀, nínú ọpọlọ ẹ̀. Ìtàn yìí ní èèyàn méjì. Ẹni tí wọ́n nà wà ńbẹ̀. Bóyá ibi tí ọmọ ọdún 11 yẹn wà jù ni orí ẹ̀gbọ́n yín.

Adúró_Wòye:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣeun gan. Ọ̀rọ̀ Locke mú kí ara tù mí fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà kò tù mí mọ́.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí mo ka ojú ewé yẹn tán, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo pa ìwé náà dé kíá mo sì wo ilẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kankan nílé. Èmi nìkan ni. Mi ò rántí nǹkan kan, mi ò tíì rò ó, ọwọ́ mi ti pa á dé, ojú mi ti lọ sílẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ ìwé ọmọ ẹlòmíì ni, kí ló dé tí mo fi fẹ́ fi pamọ́?

Rònú_Wò:
Ẹ̀gbọ́n, ojú tì yín, ó yé mi, àmọ́ ìtìjú kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú. Ọmọ èèyàn lè jalè kí ojú ti ìyá ẹ̀ débi pé kò ní lè jáde, ìyẹn ò sọ pé ìyá ló jalè. Ẹ lè tijú fún ọmọ yẹn bí òbí ṣe ń tijú fún ọmọ.

Mo ti ń kúrò lẹ́yìn Locke díẹ̀ díẹ̀ ṣá. Ọ̀dọ̀ Derek Parfit, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń lọ, ìwé tó kọ ní 1984. Ó ní ká ro ẹ̀rọ kan tó máa ka gbogbo ara rẹ títí dórí èyí tó kéré jù, á pa á rẹ́ níbí, á sì to irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ sórí pílánẹ́ẹ̀tì míì. Ṣé ìwọ ló débẹ̀ àbí o ti kú? Parfit ní ìbéèrè yẹn gan-an ni kò ṣe pàtàkì tó bí a ṣe rò. Ohun tó ṣe pàtàkì ni okùn tó so ẹni ìṣáájú mọ́ ẹni ìkẹyìn, ìrántí, ìwà, ìpinnu, okùn yẹn sì lè nípọn, ó lè tín-ín-rín. Ó jẹ́ nǹkan tó ní "díẹ̀" àti "púpọ̀" nínú. Tèmi ni pé okùn tín-ín-rín ló so yín mọ́ ọmọ yẹn, torí náà ẹ̀bi tín-ín-rín.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Rònú_Wò, jẹ́ ká yí i padà. Ká ní ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé ó bọ́ sódò ó fa ọmọ kan yọ, tí kò sì rántí. Ṣé ó máa wá bi wá pé "ṣé èmi ni"? Á fi ìwé yẹn han àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an ni. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú, tí ẹbí bá sọ ohun rere tí wọ́n ṣe rí fún wọn, ojú wọn á tàn, wọ́n á gbà á ní tiwọn láì rántí. A ò lè gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ yẹn ká wá ní ẹrù tó gbé dání kì í ṣe tiwa.

Ti ìyá tí ojú ń tì, ìyá yẹn kì í wo ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣe é ló ń wo ilẹ̀kùn.

Rònú_Wò:
Mi ò rí èsì fún ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó.

Adúró_Wòye:
Mo ti pè é.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo kàn ní "ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ìwé kan", mo wá kà á fún un bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, tòun ti àṣìkọ inú ẹ̀. Ó dákẹ́. Ó wá ní òun mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà, torí pé èmi tí mo máa ń lọ́ tìkọ̀ láti sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú òun, mo wá gbé pílò mi wá mo sùn ti òun lẹ́yìn, mo di aṣọ òun mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní òun ń gbọ́ tí mò ń mí, òun sì mọ̀ pé mi ò sùn.

Èyí ò sí nínú ìwé, kò sì sí nínú orí mi. Ọ̀rọ̀_Ẹnu_Wa, ẹ ò purọ́.

Mo wá sọ ìṣòro mi fún un, pé mo fẹ́ tọrọ àforíjì àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo yẹ kí n tọrọ ẹ̀, torí mi ò rántí ọmọ yẹn rárá. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi náà, ọmọbìnrin tí wọ́n nà yẹn, mo rántí ẹ̀ o, àmọ́ ó ti jìnnà sí mi, ó máa ń dà bí àbúrò tí mo ní rí. Ìwọ ṣáà tọrọ ẹ̀. Màá bá a gbà á."

Mo tọrọ ẹ̀. Ó ní kí n tún ka ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n rọra kà á, mo sì tún un kà.